Àyè Ọmọ Kan

Òórùn pólíìṣì tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí mi nímú bí mo bá rántí ilé ìjọba náà ní Marshalltown, nílẹ̀ òkèèrè tí à ń gbé yìí, òun àti òórùn òróró gbígbóná láti ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń din magwinya lẹ́nu ọ̀nà, oúnjẹ oníyẹ̀fun tí ó jọ pọ́fù-pọ́fù wa bí ọmọ ìyá. Ilé àtijọ́ ni. Òrùlé inú rẹ̀ ga, ohùn ènìyàn a sì máa dún padà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wàá fi rò pé ẹlòmíràn ló ń dá ọ lóhùn. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òbí tí ilé-ìwé kọ ọmọ wọn. Mo ṣì máa ń lọ sí ìtòsí ibẹ̀ láti ra bọ́tìnnì àti sípù tí mo ń lò níṣẹ́, ṣùgbọ́n òpópónà mìíràn ni mo máa ń gbà. Ọkọ mi ní mo kàn ń fi ẹsẹ̀ ara mi ṣòfò ni. Mo jẹ́ kí ó máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbejì ni mo bí, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Táíwò kú nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Òtútù àyà ni, nígbà ọ̀gìnnìtìn, kí a sì tó mọ ohun tí à ń ṣe, ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Mo lè sọ ọ́ fún ọ báyìí kí ohùn mi má gbọ̀n. Nígbà náà, ahọ́n mi kò lè gbé e. Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. Ó rìnrìn àjò ni. Àwọn àgbà gbà pé bí ẹnu bá là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀kan kú, èkejì lè fẹ́ tẹ̀lé e. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ ni mí, ọkọ mi tilẹ̀ jẹ́ díákónì nínú ìjọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹyọ ọmọ kan tó ṣẹ́kù dán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò? Ìyá ọkọ mi pè mí lórí fóònù láti Iléṣà, wọ́n ní kí n sọ fún Kẹ́hìndé pé ìkejì rẹ̀ lọ sájò, àti pé ohun gbogbo tí mo bá ṣe fún ọ̀kan, kí n ṣe é fún èkejì. Mo sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní àdúgbò Mayfair, nítorí náà èyí kò ṣòro fún mi. Bí mo bá gé aṣọ kan, màá gé èkejì láti ara ọ̀pá aṣọ kan náà. Bí Kẹ́hìndé bá ti ń ga, mò ń tú ìṣẹ́po etí aṣọ méjèèjì sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé aṣọ Táíwò ń dàgbà níbi tí ó kọ́ sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà mìíràn, mo máa ń gbọ́ tí Kẹ́hìndé ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Á sọ tirẹ̀ tán, á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, á sì wá bú sẹ́rìn-ín. Bí mo bá pè é láti ilé ìdáná, ìró ẹsẹ̀ tí mò ń gbọ́ máa ń pọ̀ ju ti ọmọ kan lọ. N kò ní parọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí. Mo rò pé Táíwò wà nínú ilé, pé ó ń dúró de ìkejì rẹ̀ kí wọ́n jọ máa lọ.

Nígbà tí ó tó àkókò kí Kẹ́hìndé wọ kíláàsì kìn-ín-ní, ilé-ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń rí òrùlé rẹ̀, mo sì ń gbọ́ agogo wọn. Kì í ṣe pé ó dára ju àwọn yòókù lọ. Ọmọ kan ló kù fún mi, n kò sì fẹ́ kí ó kúrò nítòsí mi. Ọkọ mi fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi sì mú un lọ láti fi àwọn ìwé rẹ̀ hàn. Akọ̀wé ilé-ìwé náà jẹ́ obìnrin ọlọ́yàyà kan, ó fẹ́ràn ọmọ. Ó tẹ̀ ba lórí káńtà, ó béèrè orúkọ Kẹ́hìndé, ọmọ mi sì dá a lóhùn pé, "Kehinde. I'm a twin."

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Ó ní ìkejì rẹ̀ dà? Kẹ́hìndé kọjú sí mi. Kí n tó ronú, mo ti fi Òyìnbó dáhùn pé ó rìnrìn àjò ni.

"Shap," ni akọ̀wé wí, bí wọ́n ṣe ń sọ níbí pé kò burú. "A kì í ya ìbejì níbí. Màá fi àyè méjì sílẹ̀ fún yín. Bí ó bá ti dé, ẹ mú ìwé tirẹ̀ náà wá."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí n ti dá a dúró níbẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn, ọ̀rẹ́ mi. Inú mi dùn pé ẹnì kan lábẹ́ ọ̀run tún fi àyè sílẹ̀ fún Táíwò láàárín àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wá kàwé. Mo fa Kẹ́hìndé lọ́wọ́, mo sì ń kọrin títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní ìwé wa kò pé. Wọ́n ti dúró de ìwé ọmọ kejì títí àkókò fi kọjá, wọ́n sì ti fi àyè méjèèjì fún ẹlòmíràn. Ilé-ìwé tí wọ́n fún wa dípò rẹ̀ jìnnà débi pé táksí méjì ni ọmọ yóò máa wọ̀ kí ó tó débẹ̀. Ọkọ mi kà á lórí fóònù rẹ̀, ó sì gbójú sókè.

"Ọmọ kejì wo?"

Mò ń kó abẹ́rẹ́ sínú agolo lọ. Ó wò mí títí, ó sì wá rọra jókòó. Ó ní kò burú, ẹ̀tọ́ wa ni láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, òótọ́ ọ̀rọ̀ la ó sì sọ fún wọn. Mo ní bí ó bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọmọ mi kú, n kò ní fọwọ́ sí i. A fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wa lọ́wọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó pe ìyá rẹ̀, ó rò pé ìyẹn yóò bá òun bẹ̀ mí. Èmi ni màmá ní kí ó gbé fóònù fún.

"Ìyá Ìbejì," ni wọ́n wí, "ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ilé-ìwé pọ̀ láyé."

Ọkọ mi gba fóònù padà. "Màámi, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Kò lè máa dá wọ táksí méjì."

"Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Èmi ti sọ tèmi."

Níkẹyìn, ó kọ lẹ́tà kan tí kò dì, tí kò tú, pé èdè àìyedè kan ṣẹlẹ̀, a ó sì ṣàlàyé rẹ̀ lójúkojú. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọ̀gá ọkọ mi níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Randburg kò yọ̀ǹda rẹ̀, ilé ìtọ́jú ọmọ wà ní ìsinmi, èmi àti Kẹ́hìndé nìkan la sì lọ sí Marshalltown.

Obìnrin tó gbọ́ ẹjọ́ wa ti dàgbà díẹ̀, ó wé orí, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó fa àga fún Kẹ́hìndé. Ó béèrè ibi tí ọmọ kejì wà. Mo ní kò ní wá. Ó béèrè bóyá Nàìjíríà ló wà. Mo wo ojú fèrèsé. Ó ní kí ọmọ lọ dúró níta díẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà bá le, ṣùgbọ́n èrò tí n kò mọ̀ rí ló kún ibẹ̀, n kò sì lè fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ láàárín wọn.

"Eish, sisi," ni ó wí, bí ẹni tó ń káàánú arábìnrin rẹ̀. "Bí ẹ kò bá sọ fún mi, kò sí bí mo ṣe lè ràn yín lọ́wọ́."

Ìwọ náà mọ bí a ṣe máa ń ṣe é nílùú yìí: bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún àlejò, Yorùbá la ó fi sọ ọ́. Obìnrin yìí kò gbọ́ Yorùbá. Òyìnbó tí òun gbọ́, Kẹ́hìndé gbọ́ ọ ju èmi ìyá rẹ̀ lọ. Mo wá ibi tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ náà gbà kí ó má ba ọmọ mi, n kò rí. Mo ronú kan òrùlé ilé-ìwé náà, mo ronú kan táksí méjì, mo sì fi Òyìnbó sọ pé ó kú. N kò sọ pé ó sùn, n kò sì sọ pé ó fi wá sílẹ̀. Kẹ́hìndé ti ń fi ẹsẹ̀ gbá àga láti ìgbà tí a ti jókòó. Ó dáwọ́ dúró.

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó bá mi kẹ́dùn. Ó mú kálàmù, ó sì wí pé, "Àyè ọmọ kan ni ẹ wá béèrè, nígbà náà?"

Mo ti rò pé kò sí ọ̀rọ̀ tó le ju èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lọ. Ó wà. "Ọ̀kan," ni mo wí, ohùn mi sì dún padà sí mi láti òrùlé.

Nínú táksí tí a wọ̀ padà, wọ́n fún wa mọ́ ẹ̀yìn awakọ̀. A dúró ní róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná tó ń darí ọkọ̀ níbí, iná pupa wà lójú wa. Kẹ́hìndé kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn, bí mo tilẹ̀ pariwo títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Màámi, Táíwò ò ní padà wá mọ́?"

"Rárá, ọmọ mi."

Ó gbé orí lé apá mi. "Ó ti sọ fún mi. Ó ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ máa sunkún."

Mọ́tò ṣí. N kò béèrè ìgbà tí ó sọ fún un, n kò sì béèrè ibi tí wọ́n ti sọ ọ́. Mo fà á mọ́ra, mo sì sunkún lójú gbogbo èrò, bí àwọn méjèèjì ti sọ pé màá ṣe gẹ́lẹ́.

Wọ́n fún wa ní àyè náà. Láti ọjọ́ yẹn, fún ìgbà pípẹ́, bí Kẹ́hìndé bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, màá sá lọ bá a. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, màá jókòó tì í títí ooru náà yóò fi lọ. Ohun tí mò ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀, mo dúpẹ́. Ọmọ náà ga báyìí, ó gbọ́n, ó sì mọ ẹjọ́ rò jù mí lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ìbejì ni òun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kọ̀ ọ́ fún un. Kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ nínú yàrá mọ́. Bí mo bá pè é, ẹsẹ̀ ọmọ kan ló ń wá. Màmá Iléṣà rò pé Táíwò yóò wá mú ìkejì rẹ̀ lọ. Ọkọ mi rò pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ rárá. Èmi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó sì lọ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti dágbére fún. Nígbà kan, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé Táíwò wà nínú ilé wa. Báyìí, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò sí níbẹ̀ mọ́.