Ọfà Tí Mo Fi Pamọ́

Ọfà kékeré kan ló dá mi lágara lọ́dún tí mo fẹ́ jáde lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní Bouaké, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Olùkọ́ ìṣirò wa kó ẹ̀rọ ìṣirò tó ń ya ìlà fún wa, ó ní kí kálukú kọ ètò kan sí i, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ó máa tẹ̀lé. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò ṣojú wa ní Abidjan. Mo fẹ́ lọ, ká má parọ́. Èmi nìkan ni Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ní kíláàsì, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí mi.

Ètò tèmi ń ya ìlà méjì tó pàdé. Ọfà tó ń tọ́ka lójú ẹ̀rọ á wá jókòó gẹ́lẹ́ síbi tí wọ́n ti pàdé, á bò ó mọ́lẹ̀. Olùkọ́ pe àṣẹ tí yóò fi í pamọ́ lẹ́nu, mo kọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ: curseur.hide. Ẹ̀rọ kọ̀, ó ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Inú bí mi débi pé mo fẹ́ la ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀.

Bàbá mi ń ta ẹ̀yà alùpùpù ní àdúgbò Koko. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti kàwé, Faransé wọn kò sì tó ra búrẹ́dì. Mo ti bẹ̀ wọ́n rí pé kí wọ́n má yọjú sí lísè wa. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, nílé, wọ́n wo ẹ̀rọ náà láti ẹ̀yìn mi.

"Òyìnbó wo ló kọ́ ẹ nìyí? Cursor ni, jàre! O fi Faransé bẹ̀rẹ̀, o fi Gẹ̀ẹ́sì parí, kí lẹ̀rọ ó ti ṣe?"

Mo tún un kọ. Ọfà pòórá. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́jọ́ tí a fi iṣẹ́ hàn, òjò ń rọ̀. Olùkọ́ yẹ tèmi wò, ó bi mí pé ta ló bá mi ṣe é.

"Moi seule," mo ní. Èmi nìkan.

Kíláàsì pàtẹ́wọ́, olùkọ́ sì mú mi. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, agbòjò mi lọ́wọ́ wọn. Faransé wọn ò pọ̀, àmọ́ wọ́n gbọ́ ìyẹn. Wọ́n gbé agbòjò náà ti ògiri, wọ́n bọ́ sínú òjò, wọ́n lọ.

Nílé, ojú ń tì mí. Bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọfà tí o fi pamọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé o kọ àṣẹ tí yóò fi jáde padà?"

"Rárá, sà," mo ní. "Mi ò kọ ọ́."