Ẹni Tó Tún Hítà Ọkọ̀ Wa Ṣe

Bàbá arúgbó náà gbé ẹ̀rọ fáànù hítà sún mọ́ imú rẹ̀, ó di ojú, ó fà á símú bí ẹni tó fura pé ọbẹ̀ ń jóná.

"Wáyà inú ẹ̀ ò jó," ó ní. "Kábọ́ọ̀nù ẹ̀ ló tán. Àwọn ẹyọ dúdú méjì tó ń gbé iná wọ inú ẹ̀ nìyẹn."

Bàbá mi tó jẹ́ tíṣà mí kanlẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí níwájú ilé bàbá náà ní Keteren Gwari, nílùú Minna, mo wọ súwẹ́tà méjì léra, ọyẹ́ sì ti mú kí ètè mi là. Ó ku ọjọ́ méjì kí n lọ ṣe ìdánwò ìwọlé sí sẹ́kọ́ńdírì. Àìsàn tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá mi jà. Bí òtútù àárọ̀ bá ti wọ orúnkún mi, n óò máa ké títí wọn yóò fi gbé mi lọ sọ́sípítù. Hítà ọkọ̀ àtijọ́ tí bàbá mi ń wà yẹn ló ń gbé mi dé ilé-ìwé láti Maitumbi nígbà ọyẹ́. Ó sì ti dákẹ́.

A ti kọ́kọ́ lọ bá rewáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ní Fadikpe, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ẹ̀rín ló fi wá rín. "Haba, Malam! Hítà ní Minna? Ẹ jẹ́ n yọ ọ́ dànù, kẹ́ ẹ ríbi kó bàtà sí." Kì í ṣe pé ó burú o. Hítà gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ ọgbà rẹ̀ ló ń yọ, ẹrù lásán ni lójú tirẹ̀. Wọ́n kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bámúbámú.

Ẹnìkan ló wá júwe bàbá yìí fún wa. Rélùwéè ló ti fẹ̀yìn tì, fáànù inú kóòṣì ọkọ̀ ojú irin ló sì fi ayé rẹ̀ tún ṣe. Irú kábọ́ọ̀nù tiwa kò sí lọ́jà, ìyẹn kò sì dà á láàmú. Ó mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, ó fi òòlù fọ́ ọ, ó yọ igi dúdú àárín rẹ̀. Àwa ọmọléèwé mọ dúdú inú bátìrì dáadáa, òun là ń gún mọ́ ewé fi kun pátákó. N kò mọ̀ pé ó lè wúlò fún nǹkan mìíràn láyé.

Ó fi fáìlì ha igi náà díẹ̀díẹ̀. Kò fi rúlà wọ̀n ọ́n, ojú rẹ̀ ni ìwọ̀n. Nígbà tó kù díẹ̀ kó bá ihò rẹ̀ mu, ó ṣẹ́. Bàbá náà kàn ní, "To, èyí ò fẹ́ ṣiṣẹ́," ó sì fọ́ bátìrì mìíràn, títí ó fi rí ẹyọ méjèèjì. Nígbà tí yóò fi gbé iná sí ẹ̀rọ náà, ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú dé ọrùn ọwọ́. Fáànù náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo ń wo ọwọ́ bàbá náà bí ẹni pé n kò rí ọwọ́ rí.

Ó dùbúlẹ̀ sórí yanrìn, ó ki orí sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó dè é padà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tán, bàbá mi na ọwọ́ sí atẹ́gùn rẹ̀. "Ó ti dáa, Bàbá. Ẹ ṣeun, a dúpẹ́."

"Tíṣà, dákẹ́ ná. Ìwọ kọ́ lòtútù ń mú." Bàbá arúgbó náà ní kí n wá jókòó níwájú. "Ṣé ooru ti dé orúnkún tí bàbá ẹ ní ó ń dùn ọ́?"

Mo wo bàbá mi. Ó ti fi ojú bá mi wí ṣáájú, nítorí ọmọ tí a kọ́ kì í sọ pé iṣẹ́ àgbà kù síbì kan lẹ́yìn tí a ti dúpẹ́. Àmọ́ kò dé orúnkún mi. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló dé.

"Kò tíì dé ibẹ̀, Bàbá."

"Ṣé ìwọ náà ò lè dúpẹ́ ni?" bàbá mi jágbe mọ́ mi.

"Fi í sílẹ̀. Ẹni ọ̀rọ̀ kàn ló mọ̀." Bàbá arúgbó náà di ìbàdí mú, ó sì tún dùbúlẹ̀ sórí yanrìn náà. Páìpù atẹ́gùn kan ló ti yọ lábẹ́ ibẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rí i so padà. Nígbà tó yá, atẹ́gùn gbígbóná rọra dà sórí orúnkún mi méjèèjì, pẹ̀lú òórùn eruku tó ń jóná. Omijé bọ́ lójú mi.

"Ó ti dé," mo ní.

"Madalla, ó dára," bàbá náà dáhùn láti ilẹ̀.

Mo ṣe ìdánwò náà parí láìké. Èmi náà ti di tíṣà báyìí. Nígbà mìíràn tí mo bá ti ṣàlàyé ìṣirò kan tán, tí gbogbo kíláàsì ti ní ó ti yé àwọn, ọmọ kan á nawọ́ lẹ́yìn pé òun ò tíì mọ̀ ọ́n. Inú á kọ́kọ́ bí mi. Lẹ́yìn náà ni n óò rí àgbàlagbà kan tó di ìbàdí mú, tó padà sórí yanrìn nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé. N óò nu pátákó, n óò sì tún bẹ̀rẹ̀.