Àṣẹ Tí A Kò Fi Sínú Kọ̀ǹpútà

Lọ́dún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí Lokoja di olú-ìlú, wọ́n kó kọ̀ǹpútà mẹ́fà wá sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n gbé mi wá láti Ìlọrin. Èmi àti obìnrin kan tó wá láti ìhà Ìjùmú ni wọ́n ní kí a tò wọ́n kí wọ́n tó pín wọn káàkiri ìlú. Àyè inú ẹ̀rọ ìgbà náà kéré, nítorí náà a jókòó, a ń ṣa àwọn àṣẹ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀ kí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́, tí a máa kó sínú rẹ̀. Èyí tó ń ṣe àdàkọ, ó wọlé. Èyí tó ń to orúkọ lẹ́sẹẹsẹ, ó wọlé. Èyí tó wà fún lẹ́tà èdè Faransé, a fi í sílẹ̀.

Nígbà tí a dé orí èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́máàtì, mo gbé bírò mi sílẹ̀. Òun ló ń múra dísìkì tuntun, pẹlẹbẹ tí a ń kó iṣẹ́ sí, sílẹ̀ kí ó tó lè gba ohunkóhun. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá ṣì í darí, gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló máa nù.

"Òkun o, ẹ̀gbọ́n," obìnrin náà kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni ní ìlú wọn. "Ṣé ẹ ti sùn ni?"

"Má fi ìyẹn sí i."

"Ta ló wá máa bá wọn múra dísìkì?"

"Kí wọ́n máa kó o wá síbí."

"Láti Felele lọ́hùn-ún? Nínú oòrùn yìí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Tí a bá máa yọ gbogbo ohun tó lè ṣe jàǹbá, ẹ jẹ́ ká kúkú gbé tábìlì lásán fún wọn. Tábìlì pàápàá, wọ́n lè fẹsẹ̀ kọ ọ́."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo sọ ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní Lokoja. Ní Ìlọrin, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí n múra dísìkì kan. Lẹ́tà tí mo kọ kì í ṣe ti dísìkì náà, ti inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ bi mí bóyá kí òun máa bá a lọ. "Kí ló ń bèèrè?" ọ̀gá wí. "Dá a lóhùn." Nígbà tí ọ̀gá bá dúró lẹ́yìn wa, ìdáhùn kan ṣoṣo la mọ̀: bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka kan pa rẹ́.

Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ ló ti buwọ́ lu ìwé láàárọ̀ pé òun ló wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Èmi kàn bá a jókòó sídìí rẹ̀ nígbà tó lọ jẹun ni. Ọ̀gá kò sọ pé èmi ni. Èmi náà kò sọ. Òun ni wọ́n lé.

Obìnrin náà kò wò mí. "Ṣé ẹni tí wọ́n lé mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

"Ó mọ̀."

Ó fa ìlà gba orí fọ́máàtì nínú ìwé tí a ń kọ wọ́n sí. "Ẹ̀yin lẹ máa máa ṣe é fún wọn o. Kò sí tèmi níbẹ̀."

Láti ìgbà náà, àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn kì í tán lẹ́nu ọ̀nà mi. Tí mo bá ti dé láàárọ̀, wọ́n ti kó páálí dísìkì dání, wọ́n ń kùn. Ọkùnrin kan tó ń wá láti Otokiti ní, "Bàbá, ẹ fún wa ní àṣẹ yìí, ká sinmi, kí ẹ̀yin náà sinmi."

Ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo ní kó jókòó, kó dúró dìgbà tó bá kàn án.