Lẹ́ǹsì Rọ̀kíbátù àti ti Àníọlá

Láti Ajah títí dé Lakowe, bí inú ilé kan bá dùn, Rọ̀kíbátù ni wọ́n máa ń pè wá ya fótò. Ọmọ apẹja ni, ará Lakowe gan-an. Òun àti Àníọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Thomas Estate, jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, wọ́n sì jọ ra lẹ́ǹsì kámẹ́rà tòkunbọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì, kò sí àmì tí ojú lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n Rọ̀kíbátù mọ tirẹ̀. Bó bá to mọ̀lẹ́bí sórí ìlà kan, ojú gbogbo wọn á mọ́ ketekete, títí kan ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti Àníọlá máa ń ṣe bàìbàì díẹ̀ lápá òsì. Àwọn méjèèjì tiẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yìgì kan ní Oniru. Níbi ìsọmọlórúkọ tó tẹ̀ lé e, Rọ̀kíbátù wo fótò tó yà. Ìyá àgbà tó jókòó lápá òsì dà bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń bàjẹ́. Ó lọ ya ògiri búlọ́ọ̀kù ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, láti fi yẹ lẹ́ǹsì náà wò. Apá ọ̀tún mọ́, apá òsì kò mọ́.

Ó wá Àníọlá lọ. "Ó jọ pé a ṣi lẹ́ǹsì ara wa mú ní Oniru."

"Ṣé olè lo wá pè mí ni?"

"Rárá o. Jẹ́ ká fi méjèèjì ya ògiri wò."

"Kí ni tògiri? Ohun kan náà ni wọ́n! Ọwọ́ rẹ ló ń gbọ̀n."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Rọ̀kíbátù wọra. Láti ìgbà náà, ó ń há àwọn èèyàn mọ́ àárín fótò, wọ́n sì ń ráhùn pé ó ń fún àwọn pọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àníọlá yọ sí i, kò jókòó. Ó gbé lẹ́ǹsì sórí tábìlì. "Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé tìẹ ni. Ó wù mí ni. Má bínú."

Rọ̀kíbátù dá ti Àníọlá padà fún un. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ ńlá míì dé, tó nílò ẹnì kejì, ó wo orúkọ Àníọlá lórí fóònù fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó pe ẹlòmíì.