Fóònù Inú Fírísà

Títí dòní, tí mo bá ṣí fírísà, mo máa ń gbé ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè wò bóyá fóònù Àǹtí, àbúrò ìyá mi, wà lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ la ti sábà máa ń rí i nígbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Addo. Wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á lọ mú iyọ̀, ká tó mọ̀, wọ́n ti ń kun ilẹ̀kùn lọ́dà.

“Orí mi ò ṣófo,” wọ́n á ní. “Bíi gáréèjì Ajah ló rí, gbogbo ọkọ̀ ló ń pe èrò lẹ́ẹ̀kan náà.”

Dókítà sọ pé ADHD ni, kí ọkàn èèyàn má lè dúró sójú kan, pé bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré nìyẹn. Àwọn ìyá ìjọ ní irọ́ ni, ẹ̀mí ìgbàgbé ni. Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé tí wọ́n máa fi ààwẹ̀ lé e jáde. Gbogbo wọn pé. Àǹtí nìkan ni kò wá, wọ́n gbàgbé.

Lọ́jọ́ Sunday, Àǹtí dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti tọrọ àforíjì kí wọ́n sì ṣàlàyé ADHD. Ẹnu ọ̀rọ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi rí fáànù òkè tó ń mì. Wọ́n pa á, wọ́n gun àga, wọ́n fa ṣíbí yọ nínú báàgì, wọ́n ń fi tún un ṣe. Olórí àwọn ìyá ìjọ sáré wá di àga mú.

“Ọmọ mi náà máa ń ṣe báyìí,” ni mo gbọ́ tí ìyá náà rọra sọ. “Mo ti nà án títí.”

Àǹtí ò gbójú kúrò lára fáànù.

“Ẹ má nà án mọ́, mà. Ẹ di àga mú.”