Àjẹ́ Inú Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi

Ohùn kan ló lé mi jáde kúrò ní pálọ̀ ara mi lóṣù tó kọjá. Ọmọ mi ọkùnrin dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń fi fóònù mi ṣe géèmù, bó ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé, ni nǹkan bá dún ṣííìn, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ṣíbí gbá etí ife gíláàsì tí ìró rẹ̀ ò sì tètè tán. Ọmọ náà fò sókè. Ó ní, "Mummy, come and see! Mo ti di wizard!" Mo ní ó káre. Mo dìde, mo lọ dúró ní kíṣìnì níwájú ìkòkò tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ti pé ogójì ọdún, mo ti bí ọmọ mẹ́ta, síbẹ̀ ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú ọmọ mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ mọ Kabusa ní Àbújá pẹ̀lú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ṣọ́ọ̀bù tó kún fọ́fọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nígbà tí a kó débẹ̀. Abúlé ni. Bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á já bàbá mi sílẹ̀ létí títì, òun á sì fi ẹsẹ̀ gba àárín oko àgbàdo àwọn Gbàgyí kọjá kó tó délé. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ ó rí i tí ọ̀gá pátápátá ń bọ̀, táì lọ́rùn, báàgì ní abíyá, bàtà méjèèjì lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú àgbàlá tí a ń gbé, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta, kànga wà láàárín. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, eruku pupa á bo gbogbo nǹkan, títí kan eyín wa. Èèyàn á jí láàárọ̀, á gbọ́ Yorùbá, Hausa, Gbàgyí àti pídígìn lẹ́ẹ̀kan náà nídìí kànga kan ṣoṣo, gbogbo wọn sì ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ gbé garawa kalẹ̀.

Ilé iṣẹ́ bàbá mi ń ta àwọn kọ̀ǹpútà tó ti gbó ní gbàǹjo, ó bá ra ọ̀kan. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Màmá mi rán aṣọ léèsì funfun bò ó bí ẹni fẹ́ gbé e lọ sílé ọkọ, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá fọ ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí i. Géèmù méjì ló bá kọ̀ǹpútà náà wá. Ọ̀kan jẹ́ eré ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Èkejì jẹ́ ti ìlú kan tí kò sí láyé yìí, tí ó kún fún afárá, ihò àti ẹ̀dá abàmì. Kí èèyàn tó wọ ìlú náà, ó gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò jẹ́. Ó lè jẹ́ jagunjagun, ó lè jẹ́ olè. A ò yan wọ́n. Èyí tí a yàn ni obìnrin kan tó wọ aṣọ gígùn, tó di ọ̀pá mú. Kò lè gbé idà, ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo lè pa á, ṣùgbọ́n tó bá na ọ̀pá rẹ̀, kọ̀ǹpútà á dún ṣííìn, iná á yọ. Tó bá tún un nà, omi á di yìnyín. Omi búlúù kan wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Bí ó bá ti ń ṣe idán ni omi náà ń fà, tó bá sì gbẹ tán, obìnrin náà ò ju èmi àti ẹ̀yin lọ mọ́. Nítorí pé epo ọkọ̀ wọ́n, tó jẹ́ pé ilé epo ni àwọn bàbá àdúgbò máa ń sùn sí nígbà náà, a sọ omi náà lórúkọ. Epo là ń pè é.

"A" tí mò ń sọ yìí, èmi àti Rísíkátù ni. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni wọ́n ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àwa méjèèjì. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlọrin, ó ń ta èso, Zuba ló sì bí Rísí sí kí wọ́n tó kó wá sọ́dọ̀ wa. Hausa ló kọ́kọ́ yọ lẹ́nu Rísí. Yorùbá tirẹ̀ kéré, èyí tó gbọ́ sì ju èyí tó lè sọ lọ. Èmi ni mo máa ń tẹ kọ̀ǹpútà torí pé ti bàbá mi ni, ṣùgbọ́n Rísí lọ́gbọ́n jù mí lọ. Òun ló mọ ìgbà tó yẹ ká lo iná àti ìgbà tó yẹ ká sá. Bí mo bá ti ń fi epo ṣòfò, á gbá ọwọ́ mi, á ní, "Kai! Dúró na! Wọ́n ṣì pọ̀ níwájú." Lẹ́yìn náà a óò jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn, a óò jẹ ọsàn tí ìyá rẹ̀ ò rí tà, a óò tún fọ ọwọ́, a óò padà sídìí kọ̀ǹpútà. Mi ò tíì tún ní ọ̀rẹ́ tó dà bíi rẹ̀.

Ọdún yẹn ni ìyá Rísí bí ọmọkùnrin. Ìyá àgbà wọn ti Ìlọrin wá láti wẹ ọmọ. Ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́fà péré, ó kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá àgbà ò padà sílé. Á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á máa bó ẹ̀gúsí, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi Rísí. Á bi í pé, "Kí lẹ máa ń ṣe nínú yàrá yẹn látìgbà tẹ́ ẹ bá ti iléèwé dé?" Rísí á ní, "Wasa ne," pé eré ni. Ìyá àgbà á mí kanlẹ̀, á ní ọmọ ọmọ òun ti di Gàmbàrí mọ́ òun lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dun Rísí. Láti ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí gbogbo ohun tí ìyá àgbà bá sọ, yálà ó yé e tàbí kò yé e, á ní "Yauwa," ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, kí ìyá àgbà má baà mọ̀ pé òun ò gbọ́.

Ó ní kí n wá kọ́ òun ní Yorùbá. Inú mi dùn, mo sọ ara mi di tíṣà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní òun fẹ́ ṣàlàyé géèmù wa fún ìyá àgbà, kí ara wọn yá díẹ̀. Ó ní, "Wizard tó bá jẹ́ obìnrin, kí là ń pè é ní Yorùbá?" Ṣé kí n wá sọ pé mi ò mọ̀ ni, èmi tíṣà? Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Gẹ̀ẹ́sì ni pásítọ̀ fi ń wàásù, ògbufọ̀ kan á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí pásítọ̀ bá ti ní "witches and wizards," ògbufọ̀ á ké tantan pé "àwọn àjẹ́ àti oṣó!" Níbẹ̀ ni mo ti mú un. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ń bani lẹ́rù ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n mo rò pé ti inú kọ̀ǹpútà yàtọ̀. Mo dá Rísí lóhùn pé, "Àjẹ́." Mo kọ́ ọ ní gbogbo gbólóhùn tí yóò sọ fún ìyá àgbà, mo ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta títí tó fi já gaara.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Rísí dúró ṣánṣán níwájú ìyá àgbà bí ẹni fẹ́ ka ewì ní iléèwé. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àgbà, àjẹ́ ni mí. Mo ti pa wọ́n púpọ̀."

Ìyá àgbà dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. "Àwọn wo lo pa?"

"Àwọn kékeré," ni Rísí wí. Àwọn ẹ̀dá kúkúrú abẹ́ afárá ló ń sọ, àwọn tí a ti ń bá jà láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Ìyá àgbà gbé abọ́ sílẹ̀. Ó fi ohùn kẹ́lẹ́ béèrè pé, "Àbúrò rẹ, ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́fà, ṣé ìwọ náà ni?"

Ọ̀rọ̀ náà yá jù fún Rísí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyá àgbà, ó mi orí, ó ní, "Yauwa."

Èmi gbọ́ ọ. Ó yé mi délẹ̀délẹ̀, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àgbàlá ti gbọ́. Wọ́n pè mí síwájú ìyá Rísí àti màmá mi. Rísí ti ń sunkún, ó ń sọ pé ọ̀rẹ́ òun ló kọ́ òun, pé inú géèmù ni. Màmá mi di èjìká mi mú. "Ṣé ìwọ lo kọ́ ọ lóhun tó sọ yìí?"

"Rárá, mà. Mi ò mọ ohun tó ń sọ."

"Géèmù wo ló ń wí?"

"Ti ọkọ̀ nìkan ló wà nínú kọ̀ǹpútà Dádì, mà."

Rísí wò mí. Kò pariwo. Ó kàn ń sọ pé, "Sọ fún wọn na. Sọ fún wọn na." Mo wo ilẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á pe èmi náà lájẹ̀ẹ́, ìyẹn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdajì tó kù: mò ń ronú pé wọ́n á gba géèmù náà lọ́wọ́ mi, ó sì ku díẹ̀ ká sọdá afárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìyá àgbà mú Rísí lọ sí Ìlọrin. Bàtà iléèwé ló wọ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá mi ti ìrìn àjò iṣẹ́ dé, ó bá mi nídìí kọ̀ǹpútà. Ó wò ó díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ehn-ehn, apidán lèyí." Apidán. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn, tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ìyá Rísí ń ṣa ọsàn lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ nígbà yẹn, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ò sí láàárín wa. Mi ò dìde. Mo ṣe géèmù náà títí, mo sọdá afárá, mo dé òpin rẹ̀, inú mi sì dùn lọ́jọ́ náà. Nínú gbogbo rẹ̀, ìdùnnú yẹn ló ń tì mí lójú jù.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé aṣọ iléèwé ọmọ mi lọ fún télọ̀ kan ní Bwari. Obìnrin náà gbójú sókè lórí máṣíìnì, ó sì pe orúkọ mi. Rísí ni. Yorùbá Ìlọrin tó ń sọ ti dára ju tèmi lọ. Ó fún mi ní ìjókòó, ó ra omi tútù fún mi. Ó ní ìyá àgbà tọ́jú òun dáadáa kó tó kú. "Wọ́n fẹ́ràn mi," ló wí, "ṣùgbọ́n wọ́n ń bẹ̀rù mi." Ó ti bí ọmọ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ò sì wẹ ìkankan nínú wọn. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bímọ, ó gbé ọmọ náà mọ́ra, ìyá wọn sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọn ò sọ nǹkan kan o. Wọ́n kàn gbà á."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó dá mi dúró. "Èmi ò bá ẹ jà. Ọmọdé ni wá. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ṣì wà láyé, wọ́n ti padà sí ọjà èso ní Zuba. Àwọn ni kó o lọ sọ fún."

Mo ṣèlérí pé mà á lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó lé ní ọdún kan tí mi ò fi lọ. Lónìí òjò, lọ́la ìpàdé, ọ̀tunla ọkọ̀ ò dára. Ọjọ́ tí ohùn géèmù ọmọ mi lé mi dé kíṣìnì ni mo tó mọ̀ pé mi ò ní àwáwí mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ.

Ìyá Rísí ti darúgbó. Ó jókòó sáàárín ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọsàn, ó rò pé oníbàárà ni mí, ó ní, "Sànnu, ọmọ mi, mélòó ni kí n dì?" Mo kúnlẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ ti géèmù, ti ògbufọ̀, ti gbólóhùn tí mo kọ́ ọmọ rẹ̀, ti "Yauwa," àti irọ́ méjì tí mo pa. Mo ń retí kó gbá mi létí. Ì bá tù mí lára.

Kò gbá mi. "Ibà ló pa ọmọ yẹn," ló wí. "Dókítà sọ ọ́ fún mi. Mo gbọ́ ọ, mo tún gba ti àjẹ́ gbọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀. "Hausa ni mo fi tọ́ Rísí. Hausa ni mo fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kí ló ṣe tí mi ò fi Hausa bi í?"

Ó na ọwọ́ sí fóònù mi, ó ní, "Pè é." Nígbà tí Rísí gbé e, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú, kò sì sọ Yorùbá kankan. Ó ní, "Rísí, ki yi hakuri," ó ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó dárí ji òun, ó ń tún un sọ, ó ń tún un sọ, àwọn oníbàárà sì ń yà gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá.

Oko àgbàdo Kabusa ti di ọjà, àgbàlá wa ti di ilé àlejò, àwọn ọmọ tèmi sì ń béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ fóònù, wọn ò nílò tíṣà bíi tèmi mọ́. Àwọn kan ti sọ fún mi pé kí n dárí ji ara mi, pé ọmọdé ò mọ nǹkan. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo mọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Odidi ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀rẹ́ mi fi ru ohun tí mo lè sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.