Módẹ̀mù Tó Ń Já Lọ́jọ́ Ìdánwò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí jàre: mo jowú ọ̀rẹ́ mi. Dopemu la ti jọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo fi Línúùsì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àṣẹ fún un. Ó wá di pé òun ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Gowon Estate, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ti í já. Èmi wà ní Ìjẹ̀gùn pẹ̀lú módẹ̀mù kékeré kan tí mo máa ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà bíi fóònù kó tó gbé mi wọlé.

Iléeṣẹ́ kan ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí á máa ti ilé ṣiṣẹ́ fún wọn. Àwa méjèèjì la kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní ká ṣe ìdánwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó má kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, módẹ̀mù mi pe, ó wọlé, ó já. Mo tún pe, ó tún já. Ládùúgbò wa, tí nẹ́tíwọ̀kì bá ti já, ibi tó o jókòó sí ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Mo wá wáyà gígùn tó dé ara kọ̀ǹpútà, mo so módẹ̀mù mọ́ irin fèrèsé. Ìyá onílé wa yọjú láti ẹ̀yìnkùlé. "Gbé e sókè sí i! Àbí o ò mọ̀ pé òkè ni nẹ́tíwọ̀kì wà ni?"

"Ẹ ṣé mà." Mo gun orí àga. Ó já.

Orí àga yẹn ni mo wà tí ọ̀rẹ́ mi fi pè. "Mo ti ṣe tèmi tán o! Kò le rárá. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń dà ẹ́ láàmú, máa bọ̀ nílé wa."

"Tèmi ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Irọ́! Kí n gun ọ̀kadà lọ jókòó sí pálọ̀ wọn, kó wá máa bu omi tútù fún mi? Láéláé. "Kò le rárá" yẹn gan-an ló dùn mí jù. Ta ló kọ́ ọ ná?

Mo já módẹ̀mù kúrò lójú fèrèsé, mo kì í bọ kọ̀ǹpútà padà, mo tẹjú mọ́ ọn. Mi ò tíì tẹ nǹkan kan, iná ara rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú. Háà! Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀? Mo wá rántí pé Línúùsì ní ètò kan tó máa ń tọ́jú módẹ̀mù láìjẹ́ pé èèyàn bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ti ní kí módẹ̀mù pe, ètò yẹn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i, módẹ̀mù á sì já mi sílẹ̀. Kò kan fèrèsé, kò kan àga. Mo tẹ àṣẹ kan, mo dá ètò náà dúró. Mo tún pe. Ó wọlé, ó sì dúró.

Mo ṣe ìdánwò náà látòkè délẹ̀, mo fi í ránṣẹ́, àkókò tiẹ̀ tún ṣẹ́ kù. Mo ní ó dáa, ká wá wo ta ni ọ̀gá.

Òun ni wọ́n mú. Ó pè mí, ó ń sunkún ayọ̀. Mo ní, "Kú oríire o." Gbogbo ará ilé ló ń bá mi kẹ́dùn, wọ́n ń bú nẹ́tíwọ̀kì pé òun ló kó bá mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣe ìdánwò yẹn. Ká ní ó já ni, ǹ bá rí nǹkan bú.